Gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì ń jò: bí ẹ ṣe lè ṣírò owó àtúnṣe rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú bóòtù kan

Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín irin méjì lára ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì tàbí omi má bàa jò jáde, kì í wọ́n. Ọ̀nà tí mẹkáníìkì máa gbà kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan án ló máa ń wọ́n. Ẹni méjì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, "gásíkẹ́ẹ̀tì yín ti ń jò," kí ọ̀kan san owó iṣẹ́ wákàtí kan, kó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, kí èkejì fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Wọn kò rẹ́ ẹnì kankan jẹ nínú àwọn méjèèjì. Ibi tó ti ń jò ni kò dọ́gba. Torí náà, kí ẹ tó béèrè pé "èló ni?", ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń jò gan-an.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tó ń kán sílẹ̀

Ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì lálẹ́, kí ẹ sì fi báírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú wà, kí ẹ lè mọ apá ibi tó kán sí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó dúdú tàbí tó jẹ́ búráùn, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Bó bá pupa, ti gíá tàbí ti sítíárìn ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, píǹkì tàbí àwọ̀ ọsàn, tí òórùn rẹ̀ dà bí ohun dídùn, omi rédíétọ̀ ni. Omi lásán tí kò ní àwọ̀, tí kò rùn, tó ń kán lẹ́yìn tí ẹ bá tan AC, ẹ fi í sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó máa ṣe nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá orísun rẹ̀ rí

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù lọ rèé. Ọ́ìlì kì í dúró síbi tó ti jáde. Ó máa ń ṣàn sísàlẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé ọ́ìlì tó jáde láti tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà (ìdérí orí ẹ́ńjìnnì) lókè lè máa kán láti ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíá ti pàdé. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á ní sílì ẹ̀yìn kíráńkì (rọ́bà róbótó tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíá) ni, wọ́n á sọ gíá kalẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ sílì tí kò ṣe nǹkan kan, ọ́ìlì á sì tún máa kán bó ṣe ń kán tẹ́lẹ̀.

Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó bá ti tutù. Ẹ fi nàìlọ́ọ̀nù bo ọ́tánétọ̀, ibi tí fíúsì wà, àti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ tó ń pa ọ̀rá fọ̀ ọ́, ẹ má fi omi alágbára fọ́n ọn. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ibi tí ọ́ìlì ti tutù lọ́ọ́lọ́ọ́ tó ga jù lọ, tó sì sún mọ́ iwájú jù lọ, ni kẹ́ ẹ fura sí. Bí ẹ bá fọ́n páúdà funfun sí ibi tí ẹ ti fọ̀, tó sì ti gbẹ, ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì gbà á hàn lára rẹ̀ gedegbe.

Ibi tí ojú kò tó ńkọ́? Ẹ wé tíṣù mọ́ ìka, kí ẹ sì fà á gba ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, níbi tó kọjú sí ògiri tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀. Bí tíṣù bá jáde ní gbígbẹ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Bó bá jáde ní dúdú, tó ń dán, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń da àwọ̀ kan sínú ọ́ìlì, wọ́n á ní kí ẹ wa ọkọ̀ náà kiri, wọ́n á wá tan iná UV sí i, ibi tó ń jò á sì máa tàn yòò. Owó tí wọ́n máa gbà fún un kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ tí kò kan ibi tí àrùn wà.

Kí ẹ tó dá gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, ẹ yẹ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ wò: bóòtù tí wọ́n ń tú láti da ọ́ìlì sílẹ̀ àti wọ́ṣà rẹ̀, ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, ṣúìṣì tó ń mọ agbára ọ́ìlì, àti fílítà. Ọ̀rọ̀ fílítà yìí kì í ṣe kékeré. Bí rọ́bà fílítà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí ẹni tó ń pààrọ̀ rẹ̀ kò rí i, tó de tuntun lé e lórí, rọ́bà méjì á jókòó síbi tó yẹ kí ọ̀kan wà, ọ́ìlì á sì máa tú jáde. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ni jíjò bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ yẹ PCV wò

Inú ẹ́ńjìnnì máa ń ní afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú ohun tó ń jó nínú sílíńdà máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì wọlé. Fááfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà rọ́nà jáde. Bó bá dí, afẹ́fẹ́ náà á máa ti ọ́ìlì gba ibikíbi tó bá rọ̀ jù lọ, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì àti sílì. Ẹ lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó dára jù lọ sí i, kó sì tún jò kó tó pẹ́.

Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fááfù náà ṣeé fọwọ́ yọ. Ẹ mì í: irú èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú gbọ́dọ̀ máa dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Bí kò bá dún, tàbí tí ọ̀rá dúdú ti dí i pa, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo rọ́bà tó so mọ́ ọn bóyá ó ti sán. Ó wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi wákàtí wọn ibi tó ń jò

Wákàtí tí mo máa dárúkọ níbí jẹ́ ti ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, tó ní irinṣẹ́ tó pé. Bóòtù tó ti dógùn-ún lè yí gbogbo rẹ̀ pa dà.

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ló wà lókè pátápátá. Bí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tò sórí ìlà kan, wákàtí kan sí méjì ni: kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì jáde, àwọn bóòtù rẹ̀ jáde, kọ́fà ṣí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì V6 (sílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta mẹ́ta ní ìlà méjì) tí wọ́n gbé ní ìbú yàtọ̀. Àwọn sílíńdà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kọjú sí ògiri, intake manifold (ohun tó ń pín atẹ́gùn fún sílíńdà) sì wà lórí wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé intake kúrò, gásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà á sì di tuntun. Iṣẹ́ kan náà ti di wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún nìyẹn.

Sọ́ǹpù ọ́ìlì, àwo tí ọ́ìlì ń gbára jọ sí, wà nísàlẹ̀. Bó bá ṣeé tú tààrà láti abẹ́, wákàtí méjì sí mẹ́rin. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí subframe (férémù irin tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì) gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n á ní láti sọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, wákàtí á sì di mẹ́fà, ó lè tó mẹ́wàá. Kọ́fà tó bo táímìn (ṣéènì tàbí bẹ́líìtì tó ń mú kíráńkì àti fááfù rìn pọ̀) níwájú: mẹ́fà sí méjìlá, torí gbogbo bẹ́líìtì àti púlì ló máa kúrò. Ibi tí fílítà ọ́ìlì dè mọ́ lára àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní gásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ìyẹn wákàtí méjì sí mẹ́rin.

Sílì ẹ̀yìn kíráńkì ni baba wọn. Rọ́bà róbótó kan lásán ni, àmọ́ àárín ẹ́ńjìnnì àti gíá ló jókòó sí. Gíá gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀ kí ojú tó kàn án. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́wàá ló sábà máa ń gbà, bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì ń wa ọkọ̀ náà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ibẹ̀ ló ti ń jò, tí kò sì tíì fọ ẹ́ńjìnnì rárá, ẹ má tíì gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì dá dúró gedegbe

Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà. Iná tó ń jó, ọ́ìlì àti omi, gbogbo wọn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá láìpàdé ara wọn. Nígbà tó bá jó, ó lè má kán sílẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ máa rí ni pé omi rédíétọ̀ ń dín kù, ilẹ̀ sì gbẹ. Èéfín funfun tó ní òórùn dídùn kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ẹ́ńjìnnì ń gbóná kọjá ààlà. Tàbí rọ́bà òkè rédíétọ̀ le koránkorán láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ tan ọkọ̀ tó tutù. Ọ́ìlì tó funfun tó sì ki lórí géèjì (irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) tún jẹ́ àmì kan. Ẹ ṣọ́ra fún àmì yìí, ṣá. Bó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan ni funfun náà wà, tó sì jẹ́ pé ìrìn kúkúrú lẹ ń rìn nígbà òtútù, ó lè jẹ́ ooru omi tó gbára jọ síbẹ̀, kí gásíkẹ́ẹ̀tì má sì ṣe nǹkan kan.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù láìṣàyẹ̀wò. Ó kéré tán, ẹ ní kí wọ́n ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí. Èkíní ni omi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń fi sínú ohun èlò kan lẹ́nu rédíétọ̀. Bí èéfín ìjóná bá ti wọnú omi rédíétọ̀, búlúù náà á di àwọ̀ ìyeyè fún ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù. Èkejì ni fífi pọ́ǹpù fún omi rédíétọ̀ lágbára, kí wọ́n wò ó bóyá agbára náà ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wíwọn agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan: bí sílíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá rẹlẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, àárín wọn ló ṣeé ṣe kó ti jó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Omi rẹ̀ ń bó èèyàn.

Ní ti owó, ẹ má ṣírò gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ńṣe ni bóòtù tọ́ọ̀pù máa ń nà nígbà tí wọ́n bá dè é, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni wọ́n ń lò ó. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Ọ́ìlì, fílítà, omi rédíétọ̀ àti tẹmositáàtì náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, tọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin. Wọ́n á gbé irin tó gún lé e, wọ́n á fi feeler gauge (irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbà láyè wà láàárín 0.05 sí 0.1 mìlímítà, ohun tó bá ju tinú ìwé ọkọ̀ yín lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fá a tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ojú irin náà tún gbọ́dọ̀ dán dáadáa, pàápàá bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ mélòó kan to léra, torí irú yẹn kì í gba ojú tó rí págunpàgun. Wákàtí iṣẹ́ jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá fún sílíńdà mẹ́rin orí ìlà kan, mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún fún V6, láìka ọjọ́ tí tọ́ọ̀pù máa lò lọ́dọ̀ àwọn tó ń fá a.

Àdéhùn kan ṣe pàtàkì níbí ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé bí ó bá ti ṣí tọ́ọ̀pù, tí wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n, kó pè yín kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí tọ́ọ̀pù bá ti sán, ìṣirò ti yí pa dà nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì àlòkù tó dára, tàbí títa ọkọ̀ náà bó ṣe wà, ló máa bọ́gbọ́n mu jù. Ìpinnu yẹn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí owó kejì tó jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe ìṣirò

Ẹ mú wákàtí iṣẹ́, ẹ fi owó wákàtí kan ṣe ìlọ́po rẹ̀. Ẹ fi owó gásíkẹ́ẹ̀tì àti ohun tó bá a rìn kún un, ẹ fi ti ọ́ìlì àti omi kún un, ẹ fi iṣẹ́ tó máa jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì kún un bó bá wà, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún bóòtù tó máa ṣẹ́.

Ká ní owó iṣẹ́ wákàtí kan ni a fi ń wọn gbogbo nǹkan, láìtíì ka owó tí ẹ fi pamọ́. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà gba wákàtí kan ààbọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì tó owó ìdajì wákàtí: àpapọ̀ jẹ́ méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì sì kó ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà. Sílì ẹ̀yìn kíráńkì wá gba wákàtí méje, sílì náà tó 0.3, ọ́ìlì tó 0.7: àpapọ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Sílì yẹn kò kó tó ìdá kan nínú ogún owó tí ẹ san.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ fún yín. Bí ẹ bá ra sílì tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà, ohun tí ẹ máa rí fi pamọ́ kò tó nǹkan, bó bá sì tún jò, wákàtí méje yẹn lẹ máa tún san. Bí iṣẹ́ bá ṣe jìnnà sínú tó, bẹ́ẹ̀ ni kí ohun tí ẹ máa fi síbẹ̀ ṣe dára tó. Orí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tó wà lókè gedegbe nìkan ni mo ti lè gbà pé kéèyàn dán ohun olówó pọ́ọ́kú wò, síbẹ̀ n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù, ẹ béèrè iye tí odindi sẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ó sábà máa ń ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, intake, ẹsọ́ọ̀sì àti sílì fááfù nínú, owó rẹ̀ sì lè kéré sí kí ẹ máa rà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ so iṣẹ́ tó ń gba ọ̀nà kan náà pọ̀

Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé owó ọ̀nà lẹ ń san, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Bí gíá bá ti wà nílẹ̀ nítorí sílì ẹ̀yìn, tí ọkọ̀ yín sì ń lo kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ wo kúlọ́ọ̀ṣì náà. Bó bá ti gbó kọjá ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí owó kúlọ́ọ̀ṣì nìkan lẹ máa san, iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú tàkọ́kọ́. Bí táímìn bá ti ṣí, wọ́tà pọ́ǹpù, bẹ́líìtì, àti sílì iwájú kíráńkì wà níbẹ̀. Nígbà tí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà bá ṣí, púlọ́ọ̀gì àti rọ́bà tó yí ihò púlọ́ọ̀gì ká kò tún gba iṣẹ́ mìíràn. Sọ́ǹpù ní tirẹ̀, ẹ dá a dúró di ọjọ́ tí ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì, bí jíjò rẹ̀ bá ṣeé fara dà.

Mẹkáníìkì lè wá fẹ́ so ohun púpọ̀ pọ̀ fún yín. Ìbéèrè kan ló ń ya òótọ́ sọ́tọ̀: "Bí a bá ṣe èyí lọ́jọ́ mìíràn, ṣé ohun kan náà la tún máa tú?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ so ó pọ̀. Bó bá ní rárá, ẹ jẹ́ kó dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ṣé ó pọn dandan?

Gbogbo ibi tí ọ́ìlì ti tutù kọ́ ló ń jò. Ẹ́ńjìnnì tó ti rìn jìnnà máa ń làágùn díẹ̀ létí gásíkẹ́ẹ̀tì, kó máà kán sílẹ̀ láéláé. Ẹ wọ̀n ọ́n: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rọ ọ́ìlì dé àmì òkè lórí géèjì, ẹ kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Ẹ máa wò ó ní gbogbo 500 kìlómítà. Àárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi lítà kan. Bó bá jẹ́ pé lítà kan ń lọ ní 3,000 kìlómítà, lítà márùn-ún ni ẹ máa fi kún un kí ẹ tó rin 15,000. Ẹ fi owó lítà márùn-ún yẹn wé wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́, ẹ máa rí i pé kò sí ohun tó ń lé yín. Bó ti wù kó rí, ẹ má jẹ́ kí géèjì lọ sábẹ́ àmì ìsàlẹ̀.

Àwọn kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀, bí ó ti wù kí ọ́ìlì náà kéré tó. Ọ́ìlì tó ń kán sórí ẹsọ́ọ̀sì lè gbiná. Ọ́ìlì tó dé ara bẹ́líìtì táímìn á jẹ rọ́bà rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá já lára ẹ́ńjìnnì tí fááfù àti písítìnnì rẹ̀ máa ń pàdé, fááfù á tẹ̀, ẹ ó sì wá máa san owó ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì inú ihò púlọ́ọ̀gì máa ń ba kọ́ìlì jẹ́, á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó kì í dúró síbi tó wà. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù ló ń sún tọ́ọ̀pù mọ́ títẹ̀.

Oògùn inú ìgò tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kó má jò mọ́ ńkọ́? Èyí tó wà fún ọ́ìlì máa ń mú kí rọ́bà tó ti gbẹ wú díẹ̀, ó sì lè dín ẹ̀kán kékeré kù fúngbà díẹ̀. Kò lè ran gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti ya lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ nítorí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo kórìíra jù, torí ó lè dí ihò rédíétọ̀ àti ti hítà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ lọ́la ló máa ń wù, ẹni tó máa rà á ló sì máa fara gbá a.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ohun tí ẹ máa béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ ní kí wọ́n kọ wákàtí iṣẹ́ sọ́tọ̀, ohun èlò sọ́tọ̀, ọ́ìlì àti omi sọ́tọ̀. Owó tí wọ́n dà pọ̀ sójú kan kò ṣeé fi wé ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ẹ béèrè irú gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa lò, iye oṣù tí wọ́n fi ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́ wọn, àti bóyá ìdúró náà kan owó iṣẹ́ tàbí ohun èlò nìkan. Èyí tó kan ohun èlò nìkan kò wúlò fún sílì ẹ̀yìn kíráńkì, ẹ ti rí ìdí rẹ̀. Kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ògbólógbòó rọ́bà náà hàn yín. Èyí tó ti ń jò lóòótọ́ sábà máa ń le, á ti tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó lè ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe é

Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà sílíńdà mẹ́rin ni mo lè gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó dán wò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ fi fóònù ya àwòrán wáyà àti rọ́bà gbogbo kí ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ fọ ẹ̀gbẹ́ kọ́fà kó tó ṣí, torí iyanrìn tó bá já bọ́ sórí camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fááfù) á bá ọ́ìlì rìn.

Ẹ tú àwọn bóòtù díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Bí kọ́fà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi òòlù rọ́bà gbá a jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má ki sùkúrúdíráfà bọ ojú irin, ojú aluminium kì í pẹ́ bàjẹ́. Ohun tí ẹ máa fi họ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò ni ike tó mú lẹ́nu. Ẹ̀rọ tó ń yí, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí yanrìn sí lórí láti fá irin, kò gbọ́dọ̀ débẹ̀: ẹ̀tù rẹ̀ á wọnú ọ́ìlì, á sì máa jẹ béárìn. Ẹ wá fi aṣọ tó mọ́ àti ohun tó ń pa ọ̀rá nu ojú méjèèjì títí wọ́n á fi gbẹ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà kì í fẹ́ gọ́ọ̀mù yípo. Ibi tí kọ́fà táímìn ti pàdé tọ́ọ̀pù, àti igun tó rí bí ìlàjì òṣùpá, ni ìwé ọkọ̀ sábà máa ń ní kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù tó kéré sí. Gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù á bọ́ sínú, á sì lọ dí ibi tí ọ́ìlì ti ń gbà. Ẹ de àwọn bóòtù láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fi torque wrench (sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó) parí rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ju bíi 8 sí 12 Nm lọ, ìwé ọkọ̀ yín ló ní àṣẹ. Kò le tó bí ọwọ́ ṣe máa ń fẹ́ kó le. Ẹni tó bá de é kọjá bẹ́ẹ̀ á fún rọ́bà pa, tàbí kó já òwú bóòtù nínú tọ́ọ̀pù, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá.

Ẹ ka ara ìgò gọ́ọ̀mù náà kí ẹ mọ ìgbà tó máa le kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì. Òmíràn ń fẹ́ odindi ọjọ́ kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn díẹ̀, tí ẹ bá rí i pé ibì kan tún tutù, ẹ má sáré lọ fún bóòtù mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ nu ún gbẹ, kí ẹ sì tún wò ó lọ́jọ́ kejì, torí ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù láti ọjọ́ iṣẹ́ máa ń pẹ́ kó tó ṣàn tán. Bó bá ṣì tutù, ẹ wo igun tí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí kí ẹ tó lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn.